Ìlù Aláwọ̀ Ọrùn Ẹyẹlé

Òórùn àdí àgbọn ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ bàbá onílù ní Ṣàgámù lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìyàwó wọn á gbé oúnjẹ kaná, bàbá á sì ká aṣọ kúrò lórí ìlù jáàsì wọn, ìlù òyìnbó tí wọ́n ń jókòó lù, wọ́n á da àdí díẹ̀ sórí àkísà, wọ́n á nà án sí mi. Èmi ni mo máa ń nù ún. Mo máa ń nù ún pẹ́, nítorí ìlù yẹn gan-an ni mo bá wá, mo sì rò pé ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò mọ̀ pé ó ṣì wà lọ́kàn mi.

Ìyàwó mi ti kó àwọn ọmọ lọ sí Kánádà nígbà náà, pé bí ìwé tèmi bá ti jáde, èmi náà á tẹ̀lé wọn. Ìwé ò jáde. Ìpè ojoojúmọ́ di ti ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó di ti ọdún Kérésì. Èmi nìkan ló kù nínú yàrá méjì ní Símáwà, mo ń lọ sí iléeṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀, mo ń bọ̀ wá bá ilé tó dákẹ́. Orí fóònù ni mo ti pàdé àwọn tó ń kó ìlù àtijọ́ jọ. Bí ìlù ṣe ń dún kò jọ wọ́n lójú tó bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ ni wọ́n ń wò, rọ́bà dídán tí iléeṣẹ́ tó ṣe é fi wé e. Àwọn àwọ̀ kan wà tí wọ́n ṣe fúngbà díẹ̀ tí wọn ò ṣe mọ́, ìyẹn ni wọ́n ń wá kiri bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù. Òfin wọn kan ṣoṣo ni pé a kì í kùn ún. Kó bó, kó lápá, ó sàn ju kí wọ́n fi ọ̀dà tuntun bò ó lọ. Láàárín oṣù mẹ́ta mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi tí mi ò lè lu páànù lásán.

Ọjọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni mo rí ìlù bàbá. Àwọ̀ ewé ni, á di aró, á di elésè àlùkò bí èèyàn bá ti ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ọrùn ẹyẹlé. Àwòrán irú rẹ̀ ẹyọ kan péré ni mo ti rí rí. Bàbá ti rà á nígbà tí wọ́n ń bá ẹgbẹ́ olórin lọ káàkiri, kí wọ́n tó di tíṣà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tà á fún mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi èdè Rẹ́mọ wọn ní, "Bí mo bá kú tán, wo lè wá bèèrè."

Mo pinnu láti dúró. Mo ń lọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ọsàn àti búrẹ́dì, bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀bìtì. Ọmọ Òkè-Ògùn ni mí, mi ò gbọ́ èdè Rẹ́mọ tẹ́lẹ̀, àmọ́ màmá, ìyàwó bàbá, kì í fi èdè mìíràn bá mi sọ̀rọ̀. "Wo ti jẹun?" ni ìkíni wọn, ìyẹn ni pé ṣé mo ti jẹun. Mo ní abọ́ tèmi níbẹ̀, ẹlòmíràn kì í fi í jẹun. Ẹsẹ̀ bàbá kò lágbára mọ́, nítorí náà ṣíbí méjì ni wọ́n fi ń lu etí tábìlì, wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mi ò ní etí orin. Bí mo bá fẹ́ máa lọ, wọ́n á ní, "Èèyàn laṣọ o." Mo máa ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, sà, ojú mi á sì wà lára rọ́bà.

Bàbá kú lọ́dún kẹta. Mo sunkún, ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́, mo ń ro ìlù bí mo ti ń sunkún. Nígbà tí ìsìnkú ku ọ̀sẹ̀ kan, mo lọ kí màmá. Wọ́n ti ń kun ilé de òkú bí a ti máa ń ṣe, ògiri funfun, géètì funfun. Ìlù náà wà níta gbangba, agolo ọ̀dà funfun ti ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ́ńtà sì ti mú sáńpépà dání láti fi ha rọ́bà ara rẹ̀. Màmá ló ní kí wọ́n kùn ún, kó lè dúró ti pósí ọkọ wọn bíi tuntun. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí a bá fẹ́ yẹ́ sí là ń kùn.

Mo pariwo. "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ ò mọ ohun tí ẹ fẹ́ bà jẹ́! Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń dúró dè é!"

Pẹ́ńtà ju sáńpépà sílẹ̀. Màmá jókòó sórí àga nínú aṣọ ọ̀fọ̀, wọ́n yíjú sí mi.

"Ọdún mẹ́ta," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà wọ́n fi Yorùbá tí wọ́n fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ dá mi lóhùn: "Ẹ gbé e, sà. Ohun tí ẹ bá wá náà nìyẹn."

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀, kí n gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ pẹ́ńtà, kí n fọwọ́ ara mi kùn ún. Kàkà kí n dọ̀bálẹ̀, mo lọ pe kẹ̀kẹ́ Márúwá. Mo tilẹ̀ bẹ onímárúwá pé kó rọra sáré kí ara ìlù má baà bó.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì níta ni mo dúró sí. Wọ́n gbé àga kan síbi tó yẹ kí ìlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, òdòdó ló wà lórí rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wọlé.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà mo gbé ìlù padà lọ. Màmá gbà mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n fún mi lómi tútù, wọ́n béèrè iṣẹ́. "Ọjọ́ tí a fẹ́ lò ó ti kọjá, sà," ni wọ́n sọ. Nígbà tí mo tún gbé ìlù náà dìde, wọ́n sìn mí dé géètì. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń wọlé jáde níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sìn mí sọ́nà rí.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀dà tí mo sá fún yẹn, èèyàn lè fi sùúrù fọ̀ ọ́ kúrò, mo ti wá rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn tó ń kó ìlù jọ ṣì ń kọ̀wé sí mi láti ìlú òkèèrè pé olóríire ni mí. Ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ni mò ń lọ báyìí, bí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, oníkálukú á máa pe ara wọn lọ sílé oúnjẹ, èmi á gun ọ̀kadà. Mi ò fẹ́ràn ìlù, mo ti mọ̀ báyìí. Ilé kan tí mo lè máa lọ lọ́jọ́ Ìsinmi ni mo ń wá. Mo rí i, mo sì fi ṣe pàṣípààrọ̀ ìlù.