Ògbufọ̀ Tó Ń Bù Mọ́ Ọ̀rọ̀ Mi

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, oníwàásù àlejò kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Olódi-Apápá. Gẹ̀ẹ́sì ni ọkùnrin náà ń sọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe ògbufọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Bí oníwàásù bá gbé ọwọ́ sókè, ògbufọ̀ á gbé tirẹ̀. Bí ó bá pariwo, òun náà á pariwo. Títí dé ibẹ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n oníwàásù á sọ gbólóhùn méje, ògbufọ̀ á bu méjì fún wa, á sì fi "Halelúyà" dí àlàfo tó kù. Ara mi kò gbà á. Mo yíjú sí apá òsì mi kí n sọ fún ìyàwó mi pé, "Ṣé o gbọ́ nǹkan tí ọmọ yìí ń ṣe?" Àga ni mo rí. Oṣù kẹsàn-án rèé tí mo ti ń yíjú sí àga yẹn.

Nígbà tí mo délé, ohùn méjì yẹn, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kò kúrò létí mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó yọ eyín, ó lè ṣòro fún yín láti gbà pé ìgbà kan wà tí wọ́n ń kó ọmọ jọ lẹ́yìn ilé ìwé, nínú oòrùn ọ̀sán, kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń fi èdè náà tàkúrọ̀sọ. Mo wà lára àwọn ọmọ náà. Ojú tíṣà wa rí màbo, èmi náà sì wà lára ohun tó rí.

Àwọn ọdún 1980 ni, mo wà ní ìwé kẹfà. Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ní wọ́ọ̀fù Apápá, òun ló ń kọ orúkọ ẹrù tó bá ń jáde nínú ọkọ̀ ojú omi. Ohun tó fi sọ́kàn ni kí n wọ ilé ìwé girama kan ní apá ibi tí àwọn òyìnbó ń gbé ní Apápá, níbi tí wọ́n ti ń bomi rin koríko. Mo ti yege nínú ìdánwò àkọsílẹ̀. Èyí tó kù ni ti ẹnu: èèyàn mẹ́ta á jókòó, wọ́n á máa bi ọmọ léèrè ọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ á sì máa dáhùn. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro mi wà. Mo lè ka Gẹ̀ẹ́sì, mo lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá tẹjú mọ́ mi pé kí n sọ ọ́, ahọ́n mi á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Bàbá mi ní, "Wọn kì í gba odi síbẹ̀ o." Ló bá fà mí lọ́wọ́ lọ bá Tíṣà Olúwọlé.

Tíṣà Olúwọlé ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ọkùnrin tínínrín kan ni, tó ń wọ ṣòkòtò penpe tí ó lọ̀ tí ìlà rẹ̀ mú bí abẹ. Ó gba gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí Màlúù Road, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni a sì ń pàdé níbẹ̀ lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti jáde. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe. Ẹni tó bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni o. Kò sí Yorùbá, kò sí Píjìnnì tí gbogbo Ajégúnlẹ̀ fi ń jẹun. Ó rò pé òfin lòun ṣe. Ẹnu wa ló tì pa.

Ẹ ò tíì rí irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwa tí àwọn ìyá wa ń bẹ̀ nílé pé kí a jẹ́ kí etí àwọn sinmi, a jókòó bí ẹrù. Ohun tó ń dún kò ju tírélà tó ń gbé kọ̀ǹténà kọjá lójú títì lọ, tó ń mi àga, tó ń mi fèrèsé, tó sì ń mi Tíṣà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ti jẹ ẹ̀bà yó kí a tó dé. Orí á máa lọ síwájú, á máa bọ̀ sẹ́yìn.

Kò sí ohun tí ọkùnrin náà kò ṣe. Ó gbé àwòrán ọjà kan wá, ó ní kí kálukú sọ ohun tó rí. Ọmọ àkọ́kọ́ ní òun rí obìnrin. Ọmọ kejì ní òun náà rí obìnrin. Nígbà tó fi máa dé orí ọmọ kọkànlá, obìnrin kan náà ni gbogbo wa ṣì ń rí. Lọ́jọ́ mìíràn, ó fi okùn so agolo mílíìkì méjì pọ̀, ó ní tẹlifóònù ni, kí ọmọ méjì bára wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n kí ara wọn. Wọ́n béèrè àlàáfíà ara wọn, àlàáfíà sì wà. Ọ̀rọ̀ parí. Àwọn méjèèjì di agolo mú létí, wọ́n ń wora wọn bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Tíṣà ń juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa bá a lọ. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún, Godwin, ọmọ àdúgbò Boundary tó di agolo kan mú, gbé e sẹ́nu, ó ní, "Oga sir, e be like say line don cut." Ẹ̀rín tí a rín yẹn nìkan ni ohùn tí Tíṣà gbọ́ lẹ́nu wa lọ́sẹ̀ náà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra tọ́ọ̀fì wá láti fi yá wa lára. A jẹ ẹ́. Ẹni tó ní tọ́ọ̀fì lẹ́nu kò sì lè sọ̀rọ̀.

Àwa mẹ́rìnlélógún la bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ku mẹ́sàn-án. Àwọn yòókù ti lọ sí pápá bọ́ọ̀lù. Tíṣà ránṣẹ́ sí bàbá mi pé bí oṣù bá fi parí tí nǹkan kò yí padà, òun á ti gbọ̀ngàn náà pa. Oṣù kan péré ló sì kù kí n lọ jókòó síwájú àwọn èèyàn mẹ́ta yẹn.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè kan, Tíṣà pè mí jáde pé kí n sọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Mo dúró. Mo wo òrùlé, mo wo bàtà mi. Tírélà mẹ́ta kọjá. Tíṣà jókòó sórí àga rẹ̀, ó gbá orí mú, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ rú òfin ara rẹ̀.

"Kí ni mo ṣe fún yín gan-an?" ó ní. "Ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Ìgbà yẹn ni Rónkẹ́ dìde. Rónkẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi nígbà náà. Ọmọbìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi lóde ni. Bàbá rẹ̀ ni ògbufọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ohùn ọkùnrin náà a sì máa dé Boundary láìlo ẹ̀rọ. Rónkẹ́ wá dúró sí apá òsì mi, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe, ó ní, "Ìwọ ṣáà máa sọ ọ́ ní Yorùbá. Màá máa gbé e."

Mo wo Tíṣà. Tíṣà kò gbórí sókè. Mo wá ní, "Lọ́jọ́ Sátidé, màmá mi rán mi lọ ra epo pupa ní Boundary."

Rónkẹ́ na ọwọ́ sí òrùlé, ó gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ohùn bàbá rẹ̀ gan-an, bí ẹni pé inú Ìwé Mímọ́ ni epo náà ti jáde. Kíláàsì dáhùn pé, "Àmín!"

Oorun dá lójú gbogbo wọn. Ara mi náà yá. Mo ní mo gba Màlúù Road bọ̀ wálé, ó gbé e. Mo ní tírélà kan fọn fèrè lẹ́yìn mi, ó fọn fèrè fún wọn. Mo ní ìgò bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́. Ó gbé e, wọ́n ké "Háà!" Mo ní mo lọ sílé. Ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí. Ṣùgbọ́n Rónkẹ́ mí kanlẹ̀, ó sì fi kún un pé, "And he cried bitterly!"

Mo ní, "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀!"

"O ò sọ ọ́," ó ní, "ṣùgbọ́n o sunkún, àbí o ò sunkún? Ṣebí iwájú ṣọ́ọ̀bù màmá mi ni."

Kíláàsì fọ́n ká fún ẹ̀rín. Ojú tì mí, inú bí mi, mo sì gbọ́ tí ohùn kan jáde lẹ́nu mi tí n kò mọ ibi tó ti ń bọ̀: "I did not cry! It is the oil that enter my eye! You are telling lie!"

Tíṣà gbórí sókè. Ó dìde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ lé ẹyẹ.

"Tún un sọ," ó ní.

Mo tún un sọ. Mo fi kún un. Mo sọ fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́ gan-an bí tírélà náà ṣe gùn tó, irú èèyàn tí dírẹ́bà rẹ̀ jẹ́, àti ìdí tí kò fi sí ẹni tó gbọ́dọ̀ pè mí ní ẹlẹ́kún. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, Tíṣà ń wo Rónkẹ́, kì í ṣe èmi.

Òfin yí padà lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá dúró á sọ ìtàn rẹ̀ ní èdè tó bá wù ú, ọmọ kan á ṣe ògbufọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ fi irọ́ kan kún un. Onítàn fúnra rẹ̀ ni yóò já irọ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sì fi já a. Tíṣà ti fi tọ́ọ̀fì, àwòrán àti agolo bẹ̀ wá, a ò dá a lóhùn. Kò sí ohun tó ń la ẹnu ọmọ Ajégúnlẹ̀ bí kí wọ́n parọ́ mọ́ ọn lójú ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n ní Godwin sá fún ajá, ó ké, "Na lie! I no fear dog!" Tíṣà ní, "Ní Gẹ̀ẹ́sì!" Godwin mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "It is the dog that is fearing me!" Àwọn tó ti lọ sí pápá bọ́ọ̀lù gbọ́ ariwo wa, wọ́n padà wá. Ẹlòmíràn dúró lójú fèrèsé, ó ń já irọ́ tí wọn kò pa mọ́ ọn. Orí wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Tíṣà nítorí ariwo. Ó ní òun gbàdúrà fún òjò, Ọlọ́run sì rán omíyalé.

Ọjọ́ ìdánwò ẹnu pé. Mo jókòó síwájú èèyàn mẹ́ta, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan. Wọ́n bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ dà lọ́jọ́ iwájú, ahọ́n mi sì lẹ̀ mọ́ ibi tó máa ń lẹ̀ mọ́. Mo wo apá òsì mi. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Obìnrin náà ṣí fáìlì mi, ó ní, "Áà, bàbá rẹ̀ ń wa tírélà ní wọ́ọ̀fù." Bóyá ìlà ló fò, bóyá àánú mi ló ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì ti dé ẹnu mi kí n tó mọ̀: rárá o, mà, akọ̀wé ni bàbá mi, ẹrù ọkọ̀ ojú omi ló ń kọ, àwọn tírélà yẹn gan-an ni ọ̀tá wa. Nígbà tí mo dákẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà mí.

N kò ní fi bí èmi àti Rónkẹ́ ṣe tún pàdé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pẹ́ yín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ, kò sì fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọmọ bá mú èsì ìdánwò wálé, màá wò ó, màá dá a padà. Rónkẹ́ á ní, "Dádì yín ní inú àwọn dùn gan-an, àwọn á ra bàtà tuntun fún yín." Màá ní, "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀." Á yíjú sí mi, á ní, "Ṣùgbọ́n inú yín dùn, àbí kò dùn?" Ó ń ṣe é fún àwọn àna mi, ó ń ṣe é fún dókítà, ó sì ń ṣe é fún lánlọ́ọ̀dù. Ó máa ń bí mi nínú. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo sọ nínú ilé yẹn, àtúnṣe ni.

Lọ́jọ́ ìsìnkú Rónkẹ́, Tóyìn àkọ́bí wa ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tí yóò kà lórúkọ mi, nítorí gbogbo àwọn ọmọ mọ̀ pé ẹnu mi kì í là lójú èrò. Ṣùgbọ́n alàgbà kan kọ́kọ́ ka ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, ó sì kà á pé obìnrin jẹ́jẹ́ ni, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ dúró ná. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá." Wọ́n ní mo sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Bí mo ṣe jókòó ni mo gbàgbé ohun tí mo sọ.

Wọ́n ti sọ gbọ̀ngàn yẹn di ibi tí wọ́n ń kó ẹ́ńjìnnì àlòkù sí. Tíṣà Olúwọlé ti kú tipẹ́. Tírélà ṣì wà ní Màlúù Road, wọ́n tiẹ̀ tún pọ̀ sí i. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí omi; ẹ ní kí wọ́n fi Yorùbá sọ ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á wo òrùlé, wọ́n á wo bàtà. Mo mọ ojú yẹn. Mo tún mọ oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn méjì ló ń lò ó. Nínú ilé tèmi, kò sí ẹni tó ń parọ́ mọ́ mi mọ́, èmi náà sì ti lè lo ọjọ́ méjì láìsọ̀rọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi tí mò ń wí yìí, Tóyìn pè mí lórí fóònù. Ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ náà ń béèrè bí mo ṣe wà. Mo ní, "Mo wà." Mo gbọ́ tí Tóyìn yíjú sí ọmọ náà, tó sì sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé bàbá àgbà ní àárò yín ń sọ àwọn gan-an, àwọn sì máa wá bá yín ṣe Kérésì.

Mo ní, "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò sọ ọ́, Dádì," ó ní. "Ṣùgbọ́n àárò wa ń sọ yín, àbí kò sọ yín?"

Mo fa àga sún mọ́ra, mo jókòó. Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó yẹ kí n tún ṣe pọ̀.