Aṣọ Tí Mo Bá Wọn Dán Wò

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn aṣọ tútù lábẹ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná, ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé wa n'Íjẹ̀bú-Igbó ni ọkàn mi máa ń lọ. Àwọn ló ń rán yúnífọ́ọ̀mù gbogbo wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá wa obìnrin fà mí lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn àti aránṣọ ti jọ fẹnu kò pé kí ọmọ kan máa bá wọn dán aṣọ tuntun wò, bóyá yóò tọ́jọ́. Inú mi dùn pé èmi ni wọ́n mú. Mo bọ́ yúnífọ́ọ̀mù mi tí ìyá mi ti lẹ̀ títí tí kò fi síbi tó kù láti lẹ̀. Òjò ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí páànù, ẹ̀rọ ń kùn bí oyin, oorun sì ń gbé mi lọ lórí ìdúró. Aṣọ tuntun náà gbóná sí mi lára bíi búrẹ́dì.

"Ẹ̀mí ẹ á lò ó," ọ̀gá wa wí.

"Kì í ṣe tèmi, mà. Mo kàn ń bá yín dán an wò ni."

Aránṣọ tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ wọn. "Òótọ́ ló sọ. Tó bá ti ya, kó o wá sọ fún mi."

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń lọ jábọ̀ pé kò tíì ya. Wọn a dá ẹ̀rọ dúró, wọn a gbọ́ mi tán.

Ọjọ́ tí ọmọ mi wọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ àkọ́kọ́, tí mo ṣàdúrà "ẹ̀mí ẹ á lò ó" yẹn fún un, ló tó yé mi pé a kì í ṣe é fún ẹni tó wọ aṣọ aláṣọ.