Ọkàn Tí Wọ́n Jogún

"Ẹ gbé iyọ̀ yẹn jìnnà sí mi." Ohun tí àbúrò bàbá mi máa ń sọ nìyẹn tí ìkókọrẹ́ bá délẹ̀. Àrùn ọkàn ló pa bàbá wọn, òun náà ló pa bàbá mi.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣebí àrùn ìdílé wa ni."

Wọ́n ní, "Mo lè jogún ọkàn wọn, mi ò ní jogún sìgá wọn."

Wọ́n ti wá lo ọdún tí bàbá mi ò lò láyé.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ tèmi náà ti ń ru, mo lọ sọ fún Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n rọra ní, "A tètè mọ̀." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi, a jọ fẹsẹ̀ rìn dé ìlú Ìjagun. Èmi tí mo kéré ni mò ń mí hẹlẹhẹlẹ.