Ọjọ́ Tí Fóònù Dún Nínú Oko Ẹ̀gẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí, torí bí mo bá gbé e sínú, àyà mi ò ní yéé já. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í ṣe ojo. Ẹnu mi mú, mo sì ti bá ọkùnrin mẹ́ta fa ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ rí, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ lọ sílé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹ̀rù bà mí débi pé wọ́n bi mí lórúkọ, mo gbàgbé!

Abúlé wa kò jìnnà sí Owódé, téèyàn bá ń lọ sí Ìdí-Ìrókò. Ìsọ̀ tí mo ti ń ta káàdì ìpè, ọṣẹ àti bisikíìtì dojú kọ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ tó ni òpó fi fi kọ́kọ́rọ́ ọgbà rẹ̀ sọ́wọ́ mi. Èmi ni mò ń ṣí i, èmi ni mò ń tì í, èmi náà ni mò ń tan jẹnẹrétọ̀ tó ń fún bátìrì rẹ̀ lágbára, torí iná ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wa rí.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní abúlé kékeré bíi tiwa kò lè mú èrè wá fún iléeṣẹ́, ni ìjọba bá ń fún wọn ní owó ìrànwọ́ kí òpó má baà kú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ìjà dé. Iléeṣẹ́ ní ìjọba kò san owó ìrànwọ́ mọ́. Ìjọba ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ yẹ gbogbo òpó wò, káwọn mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó kàn dúró lásán. Bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ náà lọ tí wọ́n ń fà á bọ̀, ta ni kò rí dísẹ́ẹ̀lì gbà mọ́? Àwa ni!

Ká tó wí, ká tó fọ̀, wọ́n ti bodè pa. Wọ́n tún ní kí wọ́n má gbé epo wá sáwọn iléepo tó sún mọ́ bodè, nítorí àwọn onífàyàwọ́. Bí òpó bá ti kú báyìí, fóònù wa á máa kí wa káàbọ̀ sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí ẹní wa la jókòó sí! Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Kéèyàn fi láìnì ọ̀hún pe Owódé tó wà nítòsí, bí ẹni ń pe ọ̀run ni: ìpè kì í lọ, kì í sì í wọlé.

À bá fara dà á, bí kì í bá ṣe ti Ràṣídà. Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ bà jẹ́. Nígbà tí èyí dé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ọkọ rẹ̀ sì há sí Kùtọ̀nú láti ìgbà tí wọ́n ti ti bodè. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Owódé pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní gbàrà tí ìrọbí bá ti mú un, kí n pe òun. Ó ní bó bá lọ bímọ sílé, òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìyá àti ọmọ á yè. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, báwo ni mo ṣe fẹ́ pe nọ́ọ̀sì láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì?

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dáwó jọ lábúlé. À ń ra dísẹ́ẹ̀lì ní Ìlaròó, à ń gbé e wá lábẹ́ àpò ẹ̀gẹ́. Inú ilé jẹnẹrétọ̀ ni mò ń tọ́jú kẹ́ẹ̀gì méjì pa mọ́ sí. A ò tà á fẹ́nì kankan, òpó la fi ń bọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gba ìyẹn gbọ́ lẹ́nu wa?

Ó yẹ kí n sọ àṣà wa kan fẹ́yin tí ẹ kò gbé ẹ̀bá bodè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ọkọ̀ àwọn aṣọ́bodè oníbọn ní oríta á fíláàṣì ẹnì kan, ẹni yẹn á fíláàṣì ẹlòmíì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni fóònù máa dún, kò sì sẹ́ni tó ń gbé e. Bó bá ti dún tó dákẹ́, kí oníkálukú bọ́ sóko ni, torí kò sílé tí wọn ò ti ní rí ìrẹsì òkèèrè díẹ̀ nínú ìkòkò, èyí tí ìjọba ti fòfin dè. Ilé tèmi náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń to bisikíìtì lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Kí n tó gbójú sókè, àwọn èèyàn ti ń sá. Mo rí ìyá ọkọ Ràṣídà tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí wọ́n gba ẹ̀yìn ilé wọ oko ẹ̀gẹ́. Èmi ò lè tẹ̀ lé wọn. Kẹ́ẹ̀gì ni mo rántí! Mo ní kí n lọ gbé e jù sígbó, mo ṣí ọgbà òpó, mo wọ ilé jẹnẹrétọ̀. Bí mo ṣe fẹ́ gbé e, mo gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà gan-an. Mo fa ilẹ̀kùn mọ́ra, mo jókòó sáàárín kẹ́ẹ̀gì méjèèjì.

Jẹnẹrétọ̀ ti jó epo rẹ̀ tán láti ìdájí, bátìrì ló ń gbé òpó, nítorí náà ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Òógùn bò mí. Mo di kẹ́ẹ̀gì méjèèjì mú kí wọ́n má baà dún. Mò ń ka àdúrà, mò ń fi ìparí ọ̀kan mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òmíì. Ẹ̀wọ̀n ni mo rí níwájú mi, kò sí nǹkan míì.

Ohùn obìnrin ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo yọjú níbi tí ilẹ̀kùn ti là, mo rí obìnrin kan tó wọ ìbòrí, tó mú tábúlẹ́ẹ̀tì tó fẹjú ju fóònù lọ dání, pẹ̀lú ọkùnrin oníbọn méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń sọ fún ọ̀gá nínú wọn pé gbogbo ìrìn tí ìjọba rán òun wá yẹ òpó yìí wò já sásán, òun ò rí ẹ̀dá kan. Ọ̀gá náà ní ó dájú pé wọ́n ti kó lọ látìgbà tí bodè ti wà ní títì. Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní a jẹ́ pé òun á kọ ọ́ pé kò séèyàn níbí, kí wọ́n yọ òpó náà kúrò lára àwọn tí ìjọba ń sanwó ìrànwọ́ lé lórí, kí iléeṣẹ́ wá tú u lọ.

Tú òpó kẹ̀? Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ló sọ sí mi lọ́kàn. Bí mo bá jáde, wọ́n á rí dísẹ́ẹ̀lì, wọ́n á mú mi. Bí mo bá jókòó síbẹ̀, òpó lọ nìyẹn, ta ló sì fẹ́ bá mi pe nọ́ọ̀sì fún Ràṣídà? Kí lẹ̀yin ì bá ṣe? Ẹ má tètè dáhùn o!

Mo jáde. N kò mọ bí mo ṣe dìde. Ìbọn méjèèjì yí sí mi, mo nawọ́ sókè tòun ti kọ́kọ́rọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bi mí lórúkọ tí orúkọ kò wá. Obìnrin náà ló ní kí wọ́n gbé ìbọn wálẹ̀.

"Ìyá, ta lẹ ń sá fún?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

Mo ṣàlàyé pé a kò kó lọ síbì kankan, pé inú oko ni gbogbo wa wà. Ó bi mí bóyá iléeṣẹ́ ṣì ń gbé dísẹ́ẹ̀lì wá. Ṣẹ́ ẹ rí i, ọ̀gá kan níléeṣẹ́ náà ti pè mí ṣáájú, ó ní bí wọ́n bá bi mí, kí n ní àwọn ń gbé e wá déédéé. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, mo bọ́. Ṣùgbọ́n àwọn á gbowó, àwa á sì máa gbé epo pa mọ́ kiri bí olè lọ. Mo wo ìbọn, mo wo ojú obìnrin náà.

"Wọn ò gbé e wá mọ́, mà. Àwa la ń rà á. Ó wà nínú ilé yẹn."

Ọ̀gá oníbọn wọlé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjèèjì jáde, ó kó wọn sínú ọkọ̀. Obìnrin náà ní kí n pe ẹnì kan lábúlé lójú òun, kóun lè mọ̀ pé lóòótọ́ là ń lo òpó. Ràṣídà ni mo pè.

Fóònù dún nínú oko ẹ̀gẹ́! Nítòsí wa níbẹ̀! Gbogbo wa yíjú sọ́hùn-ún, ewé ń mì. Kò gbé e, torí àṣà wa. Mo pe ẹlòmíì, ìyẹn náà dún lẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa oníbọn kejì. Mo tún pe Ràṣídà, mo jẹ́ kó dún títí, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe fíláàṣì. Ó gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "omi ti bẹ́."

N kò gbàṣẹ lọ́wọ́ oníbọn kankan kí n tó sáré wọ oko. Ó jókòó sáàárín ebè, ìyá ọkọ rẹ̀ dì í mú lẹ́yìn, ojú àbúrò mi wú, ó ní òun ò ríran dáadáa mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru lára aboyún, ẹ mọ ohun tí mo gbọ́ yẹn. Mo pe nọ́ọ̀sì, ìpè wọlé, ó sì gbé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní kò sáyè àtidúró de ọkọ̀, ká máa gbé e bọ̀. Ọkọ̀ wo? Obìnrin náà ti ń ké sí dírẹ́bà rẹ̀.

Ọkọ̀ tá a sá fún ni wọ́n gbé àbúrò mi sí. Àyè ẹnì kan ló ṣẹ́ kù, ìyá ọkọ rẹ̀ bọ́ sí i, kẹ́ẹ̀gì wa sì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo bẹ ọ̀gá oníbọn pé kó fi ọ̀kan sílẹ̀, kí òpó lè wà títí tí n ó fi gbọ́ bó ṣe bí. Àánú ṣe é, mo rí i lójú rẹ̀.

"Ìyá, òfin ni. Ẹ dúpẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì nìkan ni mò ń gbé lọ."

Obìnrin náà gba nọ́ńbà mi, ó ní òun á pè. Mo gbé fóònù dání, mi ò jẹun, mi ò ta nǹkan kan. Láàsáárì, bátìrì tán, òpó kú. Fóònù mi kí mi káàbọ̀ sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀.

Ẹ̀rù tó bà mí nínú ilé jẹnẹrétọ̀, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí! Kò sí epo tí ọ̀kadà kankan lè fi gbé mi, bí mo bá sì ní kí n fẹsẹ̀ rìn, ilẹ̀ á ṣú mọ́ mi lọ́nà. Mo rò pé bóyá wọ́n ń pè mí lọ́wọ́ báyìí, bóyá wọ́n nílò ẹ̀jẹ̀, bóyá ó ti kú. Àwa aráabúlé jókòó sójú kan títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnì kejì.

Nígbà tí ọ̀kadà yọ láti Owódé lọ́jọ́ kejì, n kò lè dìde. Mo fọwọ́ bo etí. Wọ́n ní láti fi agbára yọ ọ́ kí n tó gbọ́ pé obìnrin ló bí, pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, pé àwọn méjèèjì wà láàyè. Mo sunkún bí ọmọdé, ojú ò tì mí.

Ìjà owó ìrànwọ́ ńkọ́? Kò tíì tán. Mo gbọ́ pé iléeṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ mi fi hàn pé òpó ń ṣiṣẹ́, káwọn gbowó àwọn. Ìjọba ní ọ̀rọ̀ mi yìí kan náà ló fi hàn pé iléeṣẹ́ kò ṣiṣẹ́, àwọn ò san. Wọn ò tú u, wọn ò sì gbé epo wá.

Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹ̀rù lè mú kéèyàn sá fún ẹni tó yẹ kó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Díẹ̀ báyìí ló kù kí fíláàṣì wa lé òpó wa lọ. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀rù ti mú kẹ́ ẹ ṣe rí, pàápàá ẹ̀yin ará Ajílẹ́tẹ̀ àti Ayétòrò? Ẹ kọ ọ́ síbí, n ó kà á. Ìlaròó ni mo ti ń kọ èyí, n ó sì padà sílé lónìí. Bí ẹ bá kọ̀wé tí n kò dáhùn, ẹ má bínú. Òpó wa ò tíì jẹun ni.