Ìjókòó Ẹ̀yìn Lọ́wọ́ Ọ̀tún

Bí Adétáyọ̀ bá ti dúró níwájú ilé Bàbá Nakahara ní Garland, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Á nu àga, á gbé ìrọ̀rí lé e, á ní, "Bàbá, ẹ wọlé, ẹ fara balẹ̀." Bàbá ará Japan náà á tẹrí ba díẹ̀, á dúpẹ́, á wọlé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọdún tó kọjá, láti ilé Bàbá dé ilé ìwòsàn tí ẹ̀rọ ti ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ló ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, òun náà ló sì mú àárín ojú rẹ̀ lọ. Bàbá ń rí ẹ̀gbẹ́ nǹkan, kò rí àárín rẹ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì ni Adétáyọ̀ tẹ́lẹ̀. Orúnkún ló lé e kúrò nídìí gbígbé aláìsàn sókè sódò, ló bá sọ mọ́tò rẹ̀ di èyí tí ń gbé wọn lọ gba ìtọ́jú. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Bí iṣẹ́ kan bá ti ń jẹ ènìyàn lórúnkún, kí ó tètè wá èyí tí yóò fi ìjókòó ṣe.

Àwọn aláìsàn yòókù, ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń jókòó sí. Bàbá Nakahara nìkan ló ní àyè tirẹ̀, ó sì nídìí. Ọwọ́ rẹ̀ ni Adétáyọ̀ kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́: àtẹ́lẹwọ́ tó le, ìka tó tẹ̀ wọnú bí ẹni pé ó ṣì di nǹkan róbótó mú. Irú ọwọ́ tí bàbá tó bí Adétáyọ̀ ní títí ó fi kú nìyẹn. Awakọ̀ lọ́rì ni bàbá náà ní Ìsẹ́yìn. Iṣu oníṣu ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kó lọ sí Ìbàdàn, nínú mọ́tò onímọ́tò. Lọ́jọ́ tí Adétáyọ̀ ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàámi, ọjọ́ tí mo bá ra mọ́tò tèmi, ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún lẹ ó jókòó, bí ọ̀gá. Èmi ni n ó máa wà yín." Bàbá rẹ̀ kàn rẹ́rìn-ín ni. Ìwé ìgbélùú tí ì bá fi lè lọ wò ó nílé kò tètè bọ́ sí i. Nígbà tó fi máa bọ́ sí i, ojú fóònù ni Adétáyọ̀ ti wo bí wọ́n ṣe ń sin bàbá rẹ̀. Mọ́tò wà, àga ẹ̀yìn wà, ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ ni kò sí.

Ẹ̀yìn yìí náà ni Bàbá Nakahara ti máa ń sọ ìtàn ara rẹ̀ bí wọ́n bá ti bọ́ sí títì ńlá.

"Ẹja ni mo fi bẹ̀rẹ̀," ló wí lọ́jọ́ kan. "Láti etí òkun dé ọjà orí òkè, lórí àlùpùpù. Bí mo bá pẹ́, ẹja á rà. Ẹja kì í gba ẹ̀bẹ̀."

Eré ẹja yìí ló di eré ìdíje. Ó fi àlùpùpù sáré títí ó fi ṣubú tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, ìyá rẹ̀ sì sunkún pé kó fi nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ méjì sílẹ̀.

"Mo gbọ́ràn sí ìyá mi lẹ́nu," ni Bàbá wí. "Mo bọ́ sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin."

Adétáyọ̀ kú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ìgbọràn nìyẹn náà?"

"Ó ní ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Kò dárúkọ mẹ́rin."

Ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí ẹnì kan ṣoṣo ń wọ̀, tí ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha ilẹ̀, ló gbé e dé ìlú Òyìnbó. Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe ló ń sùn. Nígbà tí àwọn tó ni ọkọ̀ náà fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ó kọjá sí Kenya lọ sáré nínú ẹrẹ̀ àti eruku. Irú eré yẹn, ẹni méjì ní í wà nínú ọkọ̀: ọ̀kan ń wakọ̀, èkejì jókòó tì í, ó ń ka bí ọ̀nà ṣe rí sí i létí. Ọjọ́ tí eré ku ọ̀la kó parí, àwọn ló wà níwájú gbogbo ayé. Wọ́n bá odò kan tó kún. Ẹnìkejì rẹ̀ ní kó dúró. Kò dúró.

"Àwa jáde," ni Bàbá wí. "Mọ́tò ò jáde."

Lẹ́yìn ìyẹn, ó bá wọn sá eré tí wọ́n ń fi ọ̀sán mọ́ òru sá. Ó wa ọkọ̀ akẹ́rù nínú iyanrìn aṣálẹ̀. Níkẹyìn ló dé Texas, ní àwọn pápá kéékèèké tí wọ́n ti ń fi mọ́tò yí po lórí erùpẹ̀. Níbẹ̀ ló ti pàdé Josephine tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó fẹ́ ẹ, ó sì di ará Garland. Iṣẹ́ táyà ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo eré wọ̀nyí, kò gba ipò kìíní rí.

"Ipò kejì mọ̀ mí bí ẹní mowó," ló máa ń wí. "Josephine ti ṣáájú mi lọ sọ́run. Níbẹ̀ náà, ipò kejì ni mo wà."

Ní oṣù kẹta, Jessica ọmọ rẹ̀ pè láti Oregon. Dókítà ti sọ pé Bàbá ò gbọdọ̀ dá gbé mọ́. Lẹ́yìn Àjíǹde, òun ń bọ̀ wá kó o lọ sọ́dọ̀ ara òun. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá ò sọ ìtàn kankan nínú mọ́tò. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n délé ló tó sọ̀rọ̀.

"Adétáyọ̀, kò sí pápá eré nítòsí ilé Jessica. Mo fẹ́ yí po lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ. Mo mọ̀ pé n ò lè wakọ̀. Mo kàn fẹ́ wà níbẹ̀."

"Ẹ ó wà níbẹ̀, Bàbá," ni Adétáyọ̀ dáhùn. Bó ti sọ ọ́ tán lẹ̀rù bà á. Ó ti ṣèlérí mọ́tò fún bàbá kan rí.

Jọkẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó pàtẹ́wọ́. "Ìwọ àti orúnkún yìí? Ẹ fẹ́ lọ sáré mọ́tò? Ẹni tí kò lè sáré lọ ti ilẹ̀kùn gáréèjì!"

"Pápá eré máa ń gba mọ́tò ẹnikẹ́ni wọlé lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní ọkọ̀ kan á máa ṣáájú, àwa á máa tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ya ẹnìkan sílẹ̀."

"Ó ti tó bẹ́ẹ̀. Gbé omi dání fún bàbá olóbàbá, má sì jẹ́ kí oòrùn pa á."

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n lọ, lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ Bàbá, kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́. Bàbá ti múra kí Adétáyọ̀ tó dé. Bàtà awakọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ló wọ̀, èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Ní pápá, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ fún àwọn tó ń yẹ táyà wò. Nígbà tí wọ́n parí, mọ́tò wọn ló kàn láti tẹ̀ lé ọkọ̀ aṣáájú. Adétáyọ̀ sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìrọ̀rí tuntun ló rà wá.

"Ó yá, Bàbá. Ẹ wọlé."

Bàbá ò wọlé. Ó dúró, ó di etí ilẹ̀kùn mú.

"Jẹ́ ká máa lọ sílé," ló wí.

"Ilé kẹ̀? Ṣé kò rẹ̀ yín?"

"Kò rẹ̀ mí."

"Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni, Bàbá?"

Ọkùnrin kan nínú mọ́tò pupa lẹ́yìn wọn fun fèrè, ó yọrí síta. "Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ṣé ẹ ń lọ ni àbí ẹ ń ṣèpàdé ẹbí?"

Adétáyọ̀ na ọwọ́ sí i pé kó ní sùúrù. Bàbá ń wo àga ẹ̀yìn náà láti ẹ̀gbẹ́, bó ṣe máa ń wo nǹkan.

"Kí n tó mọ̀ ọ́," ló wí, "ẹ̀ẹ̀kan ni mo jókòó sẹ́yìn mọ́tò rí láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Ọjọ́ tí a lọ sin Josephine ni. Gbogbo ìgbà tí o bá ṣí ilẹ̀kùn yìí fún mi, mo máa ń sọ nínú ara mi pé, Nakahara, ó ti parí."

Adétáyọ̀ yíjú sí i. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ, Bàbá? Láti ọjọ́ yìí?"

"O nu àga. O gbé ìrọ̀rí lé e. Nílùú tèmi náà, ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ni àyè ẹni tí a bá bọ̀wọ̀ fún. Bí ènìyàn bá gbé ọlá fún ọ, ṣé wàá dá a padà sí i lọ́wọ́ ni?" Ó mí kanlẹ̀. "Àmọ́ níbí, lórí pápá, n ò lè ṣe é. Lónìí, n ò lè ṣe é."

Adétáyọ̀ pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé. Ó ṣí iwájú, ó kó abọ́ oúnjẹ rẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti Bíbélì rẹ̀ kúrò lórí àga, ó sọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn. Bàbá wọlé. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni bá òun de bẹ́líìtì. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tó wà.

Ọkọ̀ wọn ṣí.

"Kí ló wà níwájú?" ni Bàbá bi í.

"Ọ̀nà fẹ́ yà sósì."

"Díẹ̀ àbí púpọ̀?"

"Púpọ̀ díẹ̀."

"Kí ni púpọ̀ díẹ̀? Ṣé bí ìgbọ̀nwọ́ ni àbí bí dòjé?"

"Bí ìgbọ̀nwọ́, sà!"

"Má tíì tẹ bíréèkì. Má tíì tẹ̀ ẹ́... Má tíì... Tẹ̀ ẹ́!"

Ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá náà tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ gbì, níbi tí bíréèkì ì bá wà. Wọ́n yà. Eré wọn ò tó èyí tí Adétáyọ̀ ń sá lọ sílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n òógùn bò ó. Ó ń ka ọ̀nà, Bàbá ń sọ ohun tí yóò ṣe sí i. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìlà funfun, Bàbá bi í pé, "Ta ló wà níwájú wa?"

"Kò sẹ́nìkan, Bàbá. Àfi ọkọ̀ aṣáájú."

"Kejì!" ni Bàbá kígbe. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí omi náà fi di nǹkan mìíràn. Adétáyọ̀ gbájú mọ́ ọ̀nà. Ọkùnrin kì í wo àgbàlagbà lójú nírú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, iwájú ni Bàbá ń jókòó, ó ń kọ́ Adétáyọ̀ ní ọkọ̀ wíwà lọ sílé ìwòsàn, ó ń bú u nídìí iná pupa. Àjíǹde kọjá. Jessica dé. Ní pápákọ̀ òfuurufú, Bàbá tẹrí ba, ó lọ sílẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Adétáyọ̀ fẹ́ dọ̀bálẹ̀, orúnkún kọ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Bàbá ò rí i dáadáa, ṣùgbọ́n ó nawọ́ síbi tí ó rò pé èjìká rẹ̀ wà, ó sì bá a.

Nígbà tí Adétáyọ̀ padà sídìí mọ́tò, kò tíì wọlé. Ó fi fóònù pe Abísóyè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ní Ìsẹ́yìn.

"Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí Bàámi ò lè wakọ̀ mọ́, táwọn èèyàn ń fi mọ́tò gbé wọn kiri, ibo ni wọ́n ń jókòó?"

"Irú ìbéèrè wo nìyí? Iwájú ni. Ọ̀gbẹ́ni kan tiẹ̀ ṣí ẹ̀yìn fún wọn lọ́jọ́ kan, Bàámi ní, 'Ṣé iṣu ni mí ni?'" Abísóyè rẹ́rìn-ín. "Wọ́n á tún máa fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Abdulqoyyum tó máa ń gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì á ní, 'Bàbá, mo ti tẹ̀ ẹ́ o, mo ti tẹ̀ ẹ́!' Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kò sí nǹkan, Ẹ̀gbọ́n."

"Ohùn rẹ ò dún dáadáa."

"Òtútù ni."

Ó dágbére fún un. Ó rìn yí mọ́tò po, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì jókòó síbẹ̀. Lórí ẹní ilẹ̀ ọkọ̀, ibi tí bàtà fẹ́lẹ́ náà ti ń tẹ̀ ti jìn wọlé díẹ̀. Adétáyọ̀ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ síbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì ń wo iwájú.