Orúkọ Tí Ìyá Mi Sọ Bàbá Kékeré

Nígbà tí mo kéré, tí Ìgàndò ìlú wa náà ṣì kéré, kì í ṣe àkùkọ ló ń jí wa lágboolé wa, ohùn ìyá mi ni. Yóò ti gbálẹ̀ àgbàlá tán, eruku kò ní tíì rọlẹ̀, òun yóò ti máa kí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì. "Eyínfúnjowó, ẹ kú àárọ̀ o. Adúmáadán, ṣé ẹ jí dáadáa?" Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ ohun tí mo ń sọ. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́ lonítọ̀hún. Ọkọ ni gbogbo wọn. Yóò wo ojú wọn, yóò wo ìrìn wọn, yóò sì fúnra rẹ̀ ronú orúkọ tí yóò máa pè wọ́n títí ayé.

Àbúrò bàbá mi, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Kékeré, ni orúkọ tirẹ̀ dùn jù létí mi. Ràṣídì lorúkọ rẹ̀ gan-an. Nígbà tí wọ́n gbé ìyá mi wọlé, ọmọ tín-ín-rín kan ni, tí ṣòkòtò kì í dúró nídìí rẹ̀, ni ìyá mi bá sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fun ikun imú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì ń sùn sí nígbà tí ara rẹ̀ kò bá yá. Síbẹ̀, "ẹ" ló fi ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ wá jẹun."

Èmi náà fẹ́ràn orúkọ yìí débi pé mo fi jẹyà. Bàbá Kékeré ti di géńdé nígbà náà. Ó rán mi lómi lọ́jọ́ kan, èmi tí ọkàn mi wà nínú eré ẹsẹ̀ tí à ń ta síra wa níta, mo ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, mò ń bọ̀." Ìyá Àgbà, ìyàwó tó dàgbà jù nínú agboolé, ló gbọ́ ọ. Ó kàn mí ní kóńkó lórí, ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n na ọwọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìyá mi ti ń yan gàrí. Oòrùn lókè, iná lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gàrí gbígbóná ń ta sánsán sí mi nímú, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi àgbọn jẹ ẹ́ lójú mi. Ìyá Àgbà ní, "Ìyàwó ló ni orúkọ yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ìwọ ọkùnrin yìí náà wọlé ọkọ, kó o máa pè é." Ó pẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó yé fi "ìyàwó" pè mí nídìí eré bojúbojú.

Ẹ̀yìnkùlé ni bàbá mi kọ́ yàrá ìyá mi sí, pẹ̀lú ilé ìdáná tó ti ń yan gàrí. Nígbà tí bàbá mi kú, mo ṣì wà nílé ìwé girama, gàrí yẹn náà ló sì tì mí dé yunifásítì.

Èdè ni mo lọ kọ́ níbẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀ka rẹ̀, ìmọ̀ ìtumọ̀, tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní sẹmáńtíìsì, ló gbà mí lọ́kàn jù. Ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín ló ń kọ́ wa. Ó ní kí oníkálukú lọ ṣe ìwádìí kékeré kan, kí á má lọ da ìwé kọ, kí á lọ bi èèyàn. Inú mi dùn. Mo ní ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wá kiri ń bẹ nílé wa: orúkọ tí ìyàwó ń sọ ará ilé ọkọ, àti ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a gba ọlidé, mo yá téèpù ọ̀rẹ́ mi, mo sì gba Ìgàndò lọ.

Mo jókòó ti ìyá mi nídìí agbada. Mo ní, "Màmí, kí ni ìtumọ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?"

"Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín lọ́hùn-ún nìyẹn? Ẹni tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, jàre."

"Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré ti sanra. Ikùn wọn ló ń kọ́kọ́ wọlé kí wọ́n tó wọlé."

Ó rẹ́rìn-ín títí èéfín fi há a lọ́fun. Nígbà tó wúkọ́ tán, ó ní, "Ikùn kọ́ ni mo sọ lórúkọ. Bí mo bá pè é, tó dá mi lóhùn, mo mọ̀ pé ilé ọkọ mi ni mo wà."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn sí i bí ẹni tó rí owó he.

Àsìkò náà ni ilẹ̀ Ìgàndò di wúrà. Bàbá Kékeré ti di alága àwọn lánlọ́ọ̀dù, òun náà ló sì ń tà lára ilẹ̀ ẹbí. Nínú ọlidé yẹn kan náà, ó mú oníbàárà kan wá lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ìyá mi ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí gbá èèkàn wọlẹ̀. Ìyá mi ṣan ẹ̀gẹ́ kúrò lọ́wọ́, ó wá kúnlẹ̀.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọkọ mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba ibí. Ibí ni mo ń sùn."

Bàbá Kékeré kò wojú rẹ̀. Ìyá mi tún pè é.

"Ta lẹ̀ ń pè bẹ́ẹ̀?" ni Bàbá Kékeré wí. "Àgbàlagbà bíi tèmi, níwájú àlejò? Alága ni wọ́n ń pè mí. Bí ìyẹn bá le lẹ́nu yín, Ràṣídì wà níbẹ̀, ẹ máa pè é."

Oníbàárà ní, "Alága, ẹ ti tẹ́ẹ́rẹ́ rí ṣá?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Mo dá sí i. Mo ní, "Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, sà." Ó ní, "Akọ̀wé, gbé téèpù ẹ, kó o jókòó jẹ́ẹ́."

Ìyá Àgbà ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó ní, "Ìyàwó, dìde ńlẹ̀. Ọkọ tó bá ní kó o pe òun lórúkọ, ó ní kó o máa lọ ni."

Ìyá mi dìde. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, wọ́n ti wó yàrá náà, wọ́n wó ilé ìdáná mọ́ ọn. A gba yàrá kan fún un ní àdúgbò Baruwa. Lánlọ́ọ̀dù ibẹ̀ ní èéfín ń ba ògiri òun jẹ́, nítorí náà ìyá mi ò yan gàrí mọ́. Ó ń fi agolo rà á bí gbogbo ayé.

Nígbà tí mo máa kọ ìwádìí mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìtumọ̀ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò sí lára ẹni tó ń jẹ́ ẹ, pé inú ìdáhùn ló wà: bí ọkọ bá jẹ́ ẹ, ìyàwó ní ilé, bí kò bá jẹ́ ẹ mọ́, kò ní. Olùkọ́ wa fi báírò pupa fa igi gbọọrọ lé e. Ó kọ ọ́ sétí ìwé pé ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, pé ìyókù kì í ṣe ìmọ̀ ìtumọ̀, pé ẹjọ́ ilé wa ni. Mo yọ ọ́ kúrò. Mo yege. N kò fi ìwé náà han ìyá mi.

Títí tó fi kú, kò pe Bàbá Kékeré ní ohunkóhun mọ́. Ràṣídì kò ṣeé pè, àṣà kò gbà á. Ó kọ̀, kò pe Alága. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi í ní ọsibítù pé kí ni orúkọ àwọn èèyàn ọkọ rẹ̀ tí wọ́n lè ránṣẹ́ sí, ó ní, "Mi ò mọ orúkọ wọn." Nọ́ọ̀sì rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, a kì í yé sọ pé ayé àtijọ́ dára ju ti ìsinsìnyí lọ. Èmi náà máa ń wí bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ tí ọmọ mi àgbà gbé ìyàwó wálé. Ìyàwó mi fẹ́ kí ìyàwó tuntun náà sọ àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é. Ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Dádì, orúkọ wo ni kí n máa pè wọ́n?"

Mo ní, "Èyí tó wà nínú ìwé ìbí wọn."

Ìyàwó mi bínú sí mi di ọ̀la. Ó ní èmi tí mo kàwé èdè ni mo ń pa àṣà. Láàárọ̀ báyìí, ọmọ náà á na ohùn láti ilé ìdáná: "Táyọ̀! Fẹ́mi! Oúnjẹ ti délẹ̀ o." Wọ́n á sì dá a lóhùn. Kò dùn létí bíi ti ìyá mi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gbà á lẹ́nu rẹ̀.