Ikọ́ Tó Wà Nínú Káséètì

Bí ẹ bá dé Jakande ní Ìlàsàn, tí ẹ ní Mikail lẹ ń wá, wọn á bi yín pé Mikail wo. Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà ti dárúkọ Ohùn Iyọ̀, kíá ni wọ́n á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Dírẹ́bà ni ọkùnrin náà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi wa mọ́tò fún ọ̀gá kan ní Onírù kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì gbá ẹnikẹ́ni rí lórí títì márosẹ̀ Lẹ́kí yìí. Ẹni tó bá mọ títì náà á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe kékeré. Síbẹ̀, ìyẹn kọ́ ló fi ń yan láàárín ẹgbẹ́. Wéré ló fi ń yan.

Ẹ mọ wéré, orin tí àwọn ọ̀dọ́ mùsùlùmí máa ń kọ kiri àdúgbò nígbà ààwẹ̀ kí ènìyàn lè jí jẹ sàárì. Lọ́dún 1988, ẹgbẹ́ wéré Ìlàsàn lọ díje ní Ajah, wọ́n gba ife bọ̀. Àwọn méjì ló ń lé orin: Mikail àti Tájù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ohùn wọn jọra débi pé, tí wọ́n bá ń pè láti ìta, ìyá Mikail gan-an kì í mọ èwo lọmọ òun. Ẹsẹ orin kan báyìí ló gba ife náà fún wọn, ẹsẹ tó gùn, tó ga, tí gbogbo pápá fi dìde dúró. Ta ló lé e? Mikail ní òun ni. Tájù ní òun ni. Ẹ ò rí ayé! Nítorí ẹsẹ orin kan ṣoṣo, àwọn tó ń jẹun nínú àwo kan náà di ẹni tí kì í kí ara wọn. Tájù kó lọ sí Awoyaya, ó ń mọ ilé onílé kiri níbẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kọjá. Tí wọ́n bá pàdé níbi ìsìnkú, kálukú á máa wo ilẹ̀.

Gbogbo Ìlàsàn ló mọ bí Mikail ṣe ń sọ ọ́. "Ikọ́ ń ṣe mí lọ́jọ́ yẹn o! Bí ẹsẹ yẹn ṣe kàn ló gbé mi. Mo wú u lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé itọ́ mì, ni mo bá lé e!" Lẹ́yìn náà ló máa tan káséètì tí wọ́n fi rédíò ńlá, èyí tó ń gba ohùn ọ̀tún àti tòsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àpótí sípíkà kan ṣoṣo ló ní, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ohùn inú rẹ̀ sì máa ń dà pọ̀ mọ́ra bí ẹ̀bà tómi pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ ò lè mọ ẹni tó ń kọrin yàtọ̀ sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó ẹrù ìyàwó rẹ̀, Làtífátù, kúrò nínú yàrá kékeré kan, ó ní òun á máa gbọ́ orin níbẹ̀. Àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ju orin lọ. Ó fẹ́ sípíkà gidi, èyí tí kò ní parọ́, kó pe Tájù wá kí ààwẹ̀ tó wọlé, kó fi í jókòó, kí Tájù fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, kó sì tọrọ àforíjì. Ó tẹ̀ ẹ́ láago. "Wá lọ́jọ́ Sátidé, jẹ́ ká parí ẹ̀." Tájù ní òun á wá.

Ló bá mú káséètì náà dání, ó gba Ajah lọ, sọ́dọ̀ Bàṣírát, obìnrin kan tó ń ta sípíkà tòkunbọ̀ lẹ́bàá títì. Mikail na ìka sí èyí tó ga jù.

"Báwo ni yàrá yín ṣe tóbi tó, Bàbá?"

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́wàá."

Bàṣírát bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin fẹ́ gbé erin sínú agolo! Ohùn ìsàlẹ̀ ẹ̀ á kàn máa rọ́ gbìrìgbìrì láàárín ògiri ni, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan."

"Ọmọ Èkó ni mí o. Sípíkà tí àdúgbò ò gbọ́, ṣé sípíkà nìyẹn?"

"Ṣé àdúgbò lẹ fẹ́ kó gbọ́ ni, àbí ẹ̀yin?"

Obìnrin náà gbé kékeré méjì-méjì jáde. Èyí àkọ́kọ́ ń gún un létí. Ìkejì dùn, àmọ́ Bàṣírát yí i padà, ó fi ihò ẹ̀yìn rẹ̀ hàn án. "Èyí fẹ́ kí àyè pọ̀ lẹ́yìn òun. Tó bá ti sún mọ́ ògiri báyìí, ohùn ẹ̀ á wú. Yàrá yín ò gbà á." Ìkẹta ò ju kẹ́ẹ̀gì epo lítà márùn-ún lọ, iwájú ni ihò tirẹ̀ wà. Wọ́n fi ojú kìíní káséètì náà dán an wò. Mikail di ojú, kò sì yọ̀ǹda kó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàṣírát ní kí àwọn yí i sí ojú kejì, ó kọ̀ jálẹ̀. Ojú kejì ni ẹsẹ yẹn wà, kò fẹ́ kí ará ọjà gbọ́ ọ ṣáájú Tájù.

"Ẹ má tò wọ́n pọ̀ sójú kan o," Bàṣírát kìlọ̀ fún un. "Ẹ gbé wọn dé déédéé etí yín, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, torí ohùn tó ń ti inú kálukú wọn jáde yàtọ̀. Kí ẹ̀yin àti àwọn méjèèjì dà bí ààrò mẹ́ta."

"Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù," ni Mikail wí, ó gbé ẹrù rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

Ọjọ́ Jímọ̀, bó ṣe ti mọ́ṣáláṣí dé, ó tò wọ́n bí obìnrin náà ṣe wí. Ó jókòó. Ó fi ojú kejì sí i.

Háà! Ṣe ni ọdún 1988 wọnú yàrá. Ó ń gbọ́ àtẹ́wọ́, ó ń gbọ́ ọmọ tó ń sunkún lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ń gbọ́ Tájù lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń gbọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́ òsì, níbi tó máa ń dúró sí látilẹ̀. Ẹsẹ yẹn kàn. Ikọ́ dún lápá òsì: kọ́họ́, kọ́họ́. Ohùn sì ti gòkè lápá ọ̀tún, ó ń lọ, ó ń lọ, kò dúró de ikọ́ náà.

Mikail dá a dúró. Ó dá a padà sẹ́yìn. Kọ́họ́, kọ́họ́ lápá òsì, ẹsẹ orin lápá ọ̀tún, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ gbà mí! Ẹnu kan ṣoṣo ò lè máa wúkọ́ kó tún máa kọrin. Ìlà tó gbẹ̀yìn nìkan ni ohùn apá òsì tó wọ inú rẹ̀.

Ó pa káséètì náà. Àṣẹ̀yìnwá àṣẹ̀yìnbọ̀, ó rántí òfin wéré: bí ohùn bá já mọ́ ẹni tó ń lé orin lẹ́nu, ẹnìkejì á gbà á láìjáfara, kò ní jẹ́ kí ayé mọ̀. Tájù ló gbà á lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó bo àṣírí rẹ̀, òun sì pè é ní òpùrọ́ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Kì í kúkú ṣe pé ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ purọ́. Ìdùnnú ọjọ́ yẹn ló pa á bí ọtí.

Làtífátù yọjú. "Bàbá Fuad, ṣé kò sí o? Ojú yín ò dáa."

"Waya ló gbé mi," ló dáhùn. Obìnrin náà wo waya, ó wo ọkọ rẹ̀, ó lọ.

Kò sùn dáadáa. Àárọ̀ Sátidé, èṣù sọ̀rọ̀ sí i létí: àpótí ńlá ṣì wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, waya méjì péré ni. Ta ló fẹ́ mọ̀? Ohùn Iyọ̀ lorúkọ rẹ̀, kí ló tún kù tí dírẹ́bà ní láyé? Ó gbé àpótí wọlé, ó so waya mọ́ ọn, ó gbé àwọn kékeré sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ojú ń tì í bó ṣe ń ṣe é.

Tájù dé pẹ̀lú irun funfun àti àtẹ́lẹwọ́ tí sìmẹ́ńtì ti jẹ. Kò mu omi, kò wo àpótí.

"Mikail, má wulẹ̀ tan nǹkan kan. Mo ti rò ó. Ìwọ lo lé e. Mo gbà. Ẹgbẹ́ wa ti ń kú tán, mi ò fẹ́ gbé ìjà wọ sàréè. Dárí jì mí."

Àforíjì tí Mikail ti ń retí láti ọdún 1988 rèé, lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń gbóná mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹyín iná.

Ó dìde. Ó tú waya lára àpótí ńlá. Ó gbé àwọn kékeré padà sáyè wọn, ó so waya mọ́ wọn, ó mú Tájù lápá, ó fi í jókòó sórí àga tirẹ̀ gan-an. Ó tẹ káséètì.

Kọ́họ́, kọ́họ́, lápá òsì. Lápá ọ̀tún, ohùn gòkè.

Tájù di àga mú. "Mikail, kí lò ń ṣe yìí? Mo ti ní mo gbà!"

"Jókòó jẹ́ẹ́, Ohùn Iyọ̀," Mikail dá a lóhùn, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. "Gbọ́ ara ẹ."